Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Pé Kò Sọ́kọ́?

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí ẹ̀rín kan ti ń dún létí mi. Ọjọ́ ìdána àbúrò mi obìnrin ni. Alága ìjókòó, obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó, ti kí wa, ó ti sà wá, ó ti gbowó lọ́wọ́ àwọn àna wa títí àpò wọn fi fúyẹ́. Ó wá mú káàdì ìpè, ó wo orúkọ ìdílé wa, ó wo ìyàwó, ó tún wo káàdì. Ló bá ké sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹ bá wa yọ̀ o! Kò-sọ́kọ ti rọ́kọ lónìí!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àna wa rín, àwọn ará ilé wa rín, èmi náà rín, kí n má purọ́. Àbúrò mi fúnra rẹ̀, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó lórí, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Kosoko ni wọ́n tẹ̀ sára káàdì náà, láìsí àmì kankan lórí. Ẹni ọdún 36 ni àbúrò mi. Ẹni tó bá ní arábìnrin tó pẹ́ nílé á ti mọ ohun tí mò ń wí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn tó ni àga ti ń kó àga wọn, tó ti tú gèlè, tó tẹ́ ẹsẹ̀ sórí kúlà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo dúpẹ́ pé màá bọ́ orúkọ yìí sílẹ̀. Àtilé ìwé ni wọ́n ti ń fi í pè mí."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ní kó lọ sùn. Àmọ́ èmi ò sùn, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lára mi lọ́jọ́ kejì, kò kúrò lọ́sẹ̀ kejì.

Awọ kì í ṣi orúkọ pè

Lẹ́tà mẹ́fà péré ni, gbólóhùn mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Kò sọ́kọ́. Kò sọ́kọ. Kò sọ́kọ̀. Ohùn tó kẹ́yìn nìkan ló yà wọ́n: mí, tàbí re, tàbí dò. Ẹni tó bá yọ àmì kúrò ti pa ọ̀nà mẹ́ta pọ̀ di oríta, ẹni tó bá sì dé oríta á yà síbi tó wù ú. Ibi tó máa ń wu àwọn ènìyàn láti yà sí, bó bá ti jẹ́ obìnrin ló ń jẹ́ orúkọ náà, kò ṣòroó mọ̀.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ẹnì kan wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tó pe orúkọ wa bó ṣe yẹ. Bàbá onígángan kan ni. Nígbà tí à ń wọlé, ó ti tẹ̀ sí mi létí, ó béèrè orúkọ ìdílé, mo sọ fún un. Ó fún ọṣán mọ́ abẹ́ apá, ó gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, ó sì lù ú lẹ́ẹ̀mejì: dò mí mí, dò mí mí. Mo fi owó lé e lórí, mo kọjá. Awọ kò mọ lẹ́tà, ohùn nìkan ló ní, kò sí bó ṣe máa pe ọkọ́ ní ọkọ. Àwa tá a kàwé là ń ṣì í pè.

Ní Èkó, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá tún yàtọ̀. "Ṣé ẹ̀yin àti Jídé Kòsọ́kọ́ jọ tan ni?" Tàbí, "Ẹ̀yin ọmọ ọba!" Mi ò sọ pé inú mi kì í dùn sí èyí kejì. Ọba kan jẹ orúkọ yìí lóòótọ́. Ọdún 1845 ni Kòsọ́kọ́ gorí oyè l'Ékòó lẹ́yìn tó lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú títí ọba fi sá jáde, ó sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni wọ́n tó jẹ́ kó padà wá sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1872. Kosoko lásán ni àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ sínú ìwé wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lè di "kò sọ́kọ̀" lẹ́nu àjèjì, ọkọ̀ ni wọ́n kó wá fi lé e. Ẹ forí jì mí, irú àwàdà báyìí ló máa ń wá síni lọ́kàn ní aago méjì òru.

Àmọ́ àwa kì í ṣe ọmọ ọba Èkó. Ará Ìsẹ́yìn ni wá. Bàbá bàbá mi ló jẹ́ Kòsọ́kọ́, oko ló ń ro, ìtẹ́ kan ṣoṣo tó sì jókòó lé ni àpótí tí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ta là ń bá wí?

Ohun tí wọ́n sọ fún mi láti kékeré ni pé orúkọ àbíkú ni, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ín. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mi orí, á ní àwọn àgbà gbọ́n, wọ́n ń tan ikú jẹ. Èmi náà ti mi orí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ lẹ́yìn ìdána yẹn, tí oorun bá ti kọ̀, mo máa ń to àwọn orúkọ àbíkú tí mo mọ̀ sínú fóònù mi, mo sì rí ohun kan tí mi ò kíyè sí rí.

Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Rótìmí, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn, àgbàlagbà ló kúnlẹ̀ níwájú ìkókó. Àwọn kan kọjú sí ikú gan-an, bíi Kúmápàyí. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ará ilé ló ń bá ara wọn sọ ọ́. Káṣìmáawòó, orúkọ tí MKO Abíọ́lá ń jẹ́, wà nínú ìyẹn. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn tó yè. Nígbà tí wọ́n bí i l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1937, ta ni ó láyà tí yóò sọ ọ́ ní orúkọ tó wúwo? Ká ṣì máa wò ó ná. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Orúkọ ẹni tó ti sunkún tó ni, tó fi ìrètí pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Agbo tí Kòsọ́kọ́ wà yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ wò wọ́n. Àkísàtán: àkísà tí à bá fi dì í ti tán. Kòsílẹ̀: kò sílẹ̀ tí à bá gbẹ́. Igbókọ̀yí: igbó tí wọ́n ń gbé irú wọn lọ kọ èyí. Kòsọ́kọ́. Àkísà, ilẹ̀, igbó, ọkọ́. Bí ẹ bá to wọ́n jọ, ìsìnkú ìkókó ló wà níwájú yín yẹn, gbogbo ẹrù rẹ̀ ló pé, ẹnì kan sì wá ń kó wọn kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbí ni ọkàn mi dúró sí. Ìkókó kì í yá ọkọ́. Ikú kì í gbẹ́lẹ̀, ó ń pa ni, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wá ọkọ́ kiri ni ẹni tó fẹ́ẹ́ gbẹ́lẹ̀, alààyè sì ni. Òun ni wọ́n dá lóhùn pé kò sọ́kọ́. Ta wá ni onítọ̀hún? Ta ló sì dá a lóhùn?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo pinnu pé màá lọ wo ilé ọ̀hún. Ní Sátidé kan, mo wọkọ̀ ní Ìbàdàn, ó di Ìsẹ́yìn.

Nídìí ewédú

Àbúrò bàbá àgbà mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìsẹ́yìn, ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń já ewédú sínú abọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àkànní! Dìde, dìde. O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó wa ń kọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti mọ́lé?"

"Ó ti mọ́lé, mà."

Mo jókòó sórí bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ òjò, tí a ti sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀, mo sọ ohun tí alága ìjókòó sọ. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó já ewé bíi mẹ́rin márùn-ún kó tó lanu.

"Ta ló sọ fún yín pé bàbá wa ló sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́?"

"Àbí òun kọ́ ni, mà?"

"Òun kọ́. Ará ilé kejì ni. Ìyá wa ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà nínú oyún àkọ́bí mi. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí n tó bímọ. Mo bímọ tán, mo gbàgbé pé ó yẹ kí n sọ ọ́."

Ọmọ mẹ́rin ló ti kú kí wọ́n tó bí bàbá àgbà mi. Bàbá wọn ní ọkọ́, àmọ́ abúlé lọ́hùn-ún lọkọ́ náà ń gbé. Tí ọmọ bá ti kú nílé, ilé kejì ni wọ́n ń lọ yá ọkọ́. Bàbá ọmọ kọ́ ló ń lọ o, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń lọ, òun náà ló ń gbé e lọ sígbó. Ó lọ yá a lẹ́ẹ̀kíní. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbàkígbà tó bá dá a padà, á ti fọ̀ ọ́, á gbé e ti ògiri, kò ní kí onílé pẹ̀lẹ́, onílé náà kò ní kí i.

"Ìgbà kẹrin," Màmá ní, "ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin yẹn jáde, ó rí i, kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọkọ́ náà ń bẹ lára ògiri níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, yẹ̀pẹ̀ oko àná ṣì wà lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wò ó. Ó ní, 'Kò sọ́kọ́.'"

"Ọkọ́ wà níbẹ̀?"

"Mo ní ó ń bẹ lára ògiri. Bàbá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa, ó ń gbọ́. Ọkùnrin yẹn wá gbójú sókè, ó wo bàbá wa láti ọ̀hún, ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀ díẹ̀: 'Mo ní kò sọ́kọ́ mọ́.' Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn."

Màmá gbọn abọ́ ewédú, ó ṣa igi kan jù nù.

"Báwo ni wọ́n ṣe wá sin ọmọ náà?"

"Àdá. Àdá àti ọwọ́. Oòrùn ti là kó tó padà dé, èékánná rẹ̀ ti ya. Ọdún yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, ilé wa àti ilé yẹn ò kíra wọn. Bàbá wa ní ìkà ènìyàn ni. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan."

Ó ní nígbà tí wọ́n bí èyí tó tẹ̀ lé e, wọn ò pe èrò. Omi, oyin, iyọ̀ àti ataare díẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, bí ẹni tó ń ṣe é kí wọ́n má bàa ní òun kò ṣe é. Bàbá ọmọ ti sọ ọ́ ní orúkọ méjì. Ni ará ilé kejì bá wọlé láìpè. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó rìn débi abọ́ omi, ó ju owó sí i, ó ní, "Kòsọ́kọ́ lèmi ń pè é." Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìyá ọmọ, tó jókòó sórí ẹní, ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó gbé ọmọ náà sókè díẹ̀, ó pe orúkọ náà sí i létí.

"Orúkọ méjì tí bàbá wa sọ ọ́ ń kọ́, mà?"

"Wọn ò dúró."

Mo bi í pé ìkà ni ọkùnrin yẹn ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àbí àánú ló ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tí owó ilé ìwé mi ń dùn.

"Ìwọ lo kàwé. Bá mi mú ìjábẹ̀ níbẹ̀ yẹn wá."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, òwe yìí ni mò ń jẹ lẹ́nu bí ẹni jẹ obì. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni orúkọ wa. Èsì ni. Ẹnì kan béèrè ọkọ́ ní ìdájí, ẹnì kan dá a lóhùn, ohùn ìbéèrè ti parẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èsì nìkan là ń jẹ́ kiri lórí káàdì, lórí ìwé ìrìnnà, lórí ìwé báǹkì.

Mo wá rí i pé kò mọ sórí orúkọ tiwa. Mákanjúọlá, ta ló ń kánjú? Fìjàbí, ìjà kí ni, ta ló bá ta jà? Tanímọ̀la, ta ló sọ pé òun mọ ọ̀la tí wọ́n fi ní láti bi í? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ́ ìdajì ìjíròrò tí ó ṣẹlẹ̀ ní yàrá kan kí a tó dé. À ń wá "ìtumọ̀" rẹ̀ kiri bí ẹni pé inú ọ̀rọ̀ náà ló wà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló wà, àti etí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí. Ẹni tó bá túmọ̀ Kòsọ́kọ́ sí "kò sí ọkọ́" kò ṣì í, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ọkọ́ wà. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ní ẹ̀tàn ni orúkọ àbíkú. Ta ni wọ́n tàn? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọkọ́ wà. Ọkùnrin yẹn mọ̀, ẹni tó wá yá a mọ̀, bàbá ọmọ mọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ náà, gbogbo ẹni tó bá pè é láti ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ọmọdé tó ń pè é wá jẹun, ń búra pé òun náà kò ní yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ́ nítorí rẹ̀. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóun nìkan, lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ níyà ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ló wá pín in fún gbogbo ìlú.

Ìbátan wa kan wà tí ìjọ rẹ̀ ní kó yí orúkọ náà padà, pé májẹ̀mú àbíkú ló wà nínú rẹ̀. Ó ti yí i, ó ti gbé e sínú ìwé ìròyìn. Mi ò bá a jà. Orúkọ tirẹ̀ ni. Àmọ́ ó dùn mí pé ọkọ́ tí ẹnì kan fi du ikú ni wọ́n pè ní ọkọ́ ikú.

Àbíkú sọ olóògùn dèké: òwe yẹn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ AS àti SS, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS, èmi náà wà nínú wọn. Kí n tó gbéyàwó ni mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ó lè jẹ́ òun ló pa àwọn mẹ́rin yẹn, ó sì lè jẹ́ ibà lásán, nítorí ibà nìkan tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Èmi rí ìwé àyẹ̀wò gbà. Èsì tí wọ́n rí gbà nílé wa kò ju gbólóhùn kan láti ojú ọ̀nà ilé kejì lọ.

Ohùn Màmá

Kí n tó kúrò n'Ísẹ́yìn, mo ti bẹ Màmá kó tún ìtàn náà sọ, mo gbà á sórí fóònù. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, ariwo adìyẹ wà nínú rẹ̀, ó sì yà bá ọmọ kan wí láàárín. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ orúkọ sílẹ̀ tọkàntọkàn kì í fẹ́ ìwàásù, pàápàá láti ẹnu ẹ̀gbọ́n tó rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ méjì kọjá. Mo rí i pé ó ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, ìlà kan ṣoṣo wọlé: "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni orúkọ ará ilé kejì yẹn?"

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ojú tì mí díẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó ti Màmá, kò wá sí mi lọ́kàn kí n béèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pè é.

"Orúkọ rẹ̀ kẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá Ilé Kejì la máa ń pè é. Ta ni yóò pe orúkọ mọ́ àgbàlagbà lórí?"

"Ilé rẹ̀ ń kọ́, mà? Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"

"Ilé wo? Ó ti wó kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Ibẹ̀ ni mo gbin ewédú tí o jẹ lọ́jọ́ yẹn sí."